Oníbàárà, Agbáwo àti Ìyá Olóúnjẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ, ikùn oníbàárà tí ó jókòó ni a máa ń rò pé òwe yìí ń bá wí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè pé ta ni ebi ń pa níbẹ̀ gan-an. Ọmọbìnrin tí ó gbé àwo dúró níwájú oníbàárà lè má tíì fi nǹkan kan ẹnu láti ìdájí tí ó ti ń gbá ilẹ̀, tí ó ń pọn omi, tí ó sì ń fọ ìkòkò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rere tàbí búburú ní ilé oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Òkè-Ògùn jẹ́ ibi tí ó dára láti ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni ó wà ní agbègbè náà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti Ìsẹ́yìn àti Òkèhò títí dé Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹ̀gẹ́ sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ mọ èlùbọ́ ṣe. Ẹni tí ó ti bó iṣu, tí ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, tí ó fi í sínú omi náà mọ́jú, tí ó sá a sí oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ títí ó fi gbẹ kó tó lọ̀ ọ́, kò sí olóúnjẹ tí ó lè fi ọkà tí ó ní kókó tàn án jẹ. Nítorí náà, ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn, ọkà, gbẹ̀gìrì àti ewédú bùkà kan kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí ọ̀kan bá kún, tí èkejì sì ṣófo, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé oúnjẹ fún ènìyàn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà, bùkà, wò díẹ̀. Èdè Haúsá ni a ti yá a. Ahéré ni ó túmọ̀ sí níbẹ̀. Ní ilé Yorùbá, a kì í ta oúnjẹ fún àlejò. A ó fún un ní omi, a ó gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í pé èló ni ó fẹ́ jẹ. Nígbà tí oúnjẹ di ohun títà lábẹ́ ahéré, owó wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n àṣà ilé kò kúrò nínú ọkàn ẹnikẹ́ni. Oníbàárà ń fẹ́ àpọ́nlé tí a ń fún àlejò, ó sì tún ń fẹ́ àṣẹ ẹni tí ó sanwó. Ìyá olóúnjẹ ń pe agbáwo ní ọmọ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Bí àwo bá fọ́, ó di alágbàṣe tí a ó gé owó rẹ̀. Agbáwo fúnra rẹ̀ ń retí ìkẹ́ ọmọ àti owó òṣìṣẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí ó má rí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Olúkúlùkù di apá tí ó ṣe é láǹfààní nínú àṣà ilé mú, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ohun tí ó ń fa ìjà ní bùkà nìyẹn.

Ẹ fi ojú inú wo awakọ̀ kan tí ó kó èrò láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn, tí ó sì dúró ní Ìsẹ́yìn ní ọjọ́kanrí kí wọ́n lè jẹun. Ó wọ bùkà kìíní. Kò sí ẹni tí ó kí i. Ó jókòó, ó ń wo ojú, ó ń wo ẹnu. Ẹni tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti ń jẹun. Nígbà tí agbáwo yóò fi dé, ohùn awakọ̀ ti le, ti agbáwo náà sì le. Ní bùkà kejì, èrò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ó ti ń wọlé ni ẹnì kan sọ pé, “Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ fọwọ́, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹni mẹ́ta ni ó ṣáájú yín.” Iye ìṣẹ́jú tí ó fi dúró lè jẹ́ ọ̀kan náà ní ibi méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní bùkà kejì, ó mọ̀ pé a ti rí òun, ó sì mọ ìgbà tí yóò kan òun.

Onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, William Foote Whyte, ṣe ìwádìí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn ilé oúnjẹ ìlú Chicago, ó sì tẹ ìwé rẹ̀, Human Relations in the Restaurant Industry, jáde ní ọdún 1948. Ó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn agbáwo kan fi máa ń sunkún lẹ́nu iṣẹ́ tí àwọn mìíràn kì í sì í sun. Ohun kan tí ó rí ni pé agbáwo tí ó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tí ó tètè fi ètò sílẹ̀ fún oníbàárà, kì í sábà rí ìyọnu bíi ti ẹni tí ó dúró kí oníbàárà kọ́kọ́ pa àṣẹ fún un. Èyí kò lè ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní ń yọ ọfà lápó. Ìkíni agbáwo ju ọ̀yàyà lásán lọ; òun ni ó fi ń gba agbára mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Ohun kejì tí Whyte rí kan ilé ìdáná. Ó ṣàkíyèsí pé ìjà máa ń wà láàrin agbáwo àti ẹni tí ń se oúnjẹ, nítorí pé ẹni tí ipò rẹ̀ kéré ni ó ń ké pe ẹni tí ó jù ú lọ pé kí ó ṣe kíá. Níbi tí wọ́n ti kọ ohun tí oníbàárà fẹ́ sínú ìwé pélébé, tí wọ́n fi há ibi tí asè yóò ti máa mú un ní ẹsẹẹsẹ, ariwo dín kù, ẹni tí ó kọ́kọ́ dé sì kọ́kọ́ jẹun. Ẹ wá wo bùkà wa. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni ó ń kígbe pé, “Ọkà mẹ́ta, ẹran méjì, pọ̀nmọ́ kan!” sí obìnrin tí ó tó ìyá rẹ̀ í bí. Bí ó bá kígbe ju, ó di aláfojúdi. Bí kò bá kígbe, oníbàárà yóò ní ó ń ṣe ìmẹ́lẹ́. Ìwé pélébé kan àti gègé kan lè gba ọmọ náà lọ́wọ́ ẹ̀sùn méjèèjì.

A ti wo ẹ̀bi ti inú ilé. Oníbàárà náà ní tirẹ̀. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi “ẹ” pọ́n ènìyàn lé níbi iṣẹ́ rẹ̀ yóò dé bùkà, yóò máa pòṣé, yóò máa fi ọwọ́ lu tábìlì, “Ìwọ, ṣé o kò rí mi ni?” Lóòótọ́, àgbàlagbà lè pe ọmọdé ní “ìwọ” ní ilẹ̀ wa láìṣe àbùkù. Ṣùgbọ́n “ìwọ” tí baba fi ń pe ọmọ yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń lé ajá. Etí tí ó gbọ́ Yorùbá kì í ṣi méjèèjì mú. Ó tún ku èyí tí ó burú jù. Àwọn ọkùnrin kan rò pé owó ọkà tí wọ́n san ti ra ẹ̀rín ọmọbìnrin tí ó gbé e wá, wọn a sì nawọ́ sí i lára. Bí ìyá olóúnjẹ bá dákẹ́ nítorí pé oníbàárà ńlá ni, ó ti ta ohun tí kò sí nínú ìkòkò rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ń dá kún un. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò. Owó ọkọ̀ gbẹ́nu sókè, owó oúnjẹ sì tẹ̀ lé e. Ọkà kéré nínú abọ́, oníbàárà sì gbà pé agbáwo ni ó jí i bù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, nígbà tí owó náírà tuntun wọ́n, ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó láti inú fóònù. Àǹfààní wà nínú rẹ̀, ìyọnu rẹ̀ náà sì wà: oníbàárà ní òun ti fi owó ránṣẹ́, owó kò dé, èrò ọkọ̀ sì ń pè é. Bí ó bá lọ láìsan, owó ta ni a ó gé? Ibi tí a bá ti gé owó agbáwo nítorí olè tí kì í ṣe òun, kí a má ṣe retí ẹ̀rín lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Òfin kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á sílẹ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ di 70,000 náírà ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2019 yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀. Bùkà wo ní Ṣakí ni òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ti àwọn ọmọdé tilẹ̀ tún le jù. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kò fi àyè gba kí a gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí iṣẹ́, àyàfi iṣẹ́ fúyẹ́ ti oko tàbí ti ilé lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn olùkọ́ tí ń gbọ́ wa mọ irú ọmọ tí ó máa ń sùn ní kíláàsì nítorí pé àwo ni ó fọ̀ di òru.

Àwọn kan yóò ní kí oníbàárà máa fi ṣéńjì sílẹ̀ fún agbáwo, bí wọ́n ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Inú rere ni èyí, ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ ọ́ di owó oṣù. Ní Amẹ́ríkà náà, òfin àpapọ̀ gbà kí agbanisíṣẹ́ san dọ́là 2.13 péré fún wákàtí kan fún òṣìṣẹ́ tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, bí owó náà bá ti lè dí ìyókù. Láti ọdún 1991 ni iye náà kò ti yí padà. Ẹni tí oúnjẹ ọ̀la rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ àlejò òní kò lè kọ ìwọ̀sí àlejò náà.

Ṣé ìyá olóúnjẹ wá ni ọ̀tá ni? Rárá o. Òun náà ń ra èlùbọ́, ẹran àti igi ìdáná ní iye tí ó ń yí padà láti ọjọ́ ọjà kan sí èkejì, ó sì ti jí kí àkùkọ tó kọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, agbáwo ni wọ́n nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n nǹkan wà tí kò gba owó púpọ̀. Kí agbáwo jẹun kí èrò ọ̀sán tó dé. Kí ó ní àga tí yóò jókòó lé bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Kí a kọ iye oúnjẹ àti ti ẹran sára pátákó, kí a sì bu ọkà lójú oníbàárà, kí ẹnikẹ́ni má baà fura sí ọmọ tí ó gbé e. Kí a má ṣe gé owó rẹ̀ nítorí ẹni tí ó sá lọ. Kí oníbàárà tí ó bá nawọ́ sí i lára gbọ́ ohùn ìyá olóúnjẹ fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìyá olóúnjẹ ni ó mọ ọbẹ̀ sè, agbáwo ni ó ní ẹsẹ̀ tí ó ń gbé e kiri, oníbàárà ni ó sì mú owó wá. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, bùkà ti di ahéré lásán. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ń jẹun a máa sọ fún ẹni tí ó bá a níbẹ̀ pé, “Ẹ wá jẹun,” onítọ̀hún a sì dáhùn pé, “Á gba ibi ire.” Nígbà mìíràn tí agbáwo bá gbé ọkà síwájú ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹwòran wa, kí ó rántí sọ ọ́ fún un. Ó lè má jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé a rí òun.