Ẹ̀kọ́ tí Ó Yẹ Olùtọ́jú Ẹni tí Oògùn Olóró Di Bárakú Fún

  

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló kan babaláwo nínú ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ohun tó kàn wá ni pé ènìyàn kan náà ni à ń tọ́jú. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ mú wá bá wa lónìí, tí ó ní ayé ló ń ṣe é, òun náà ni yóò wà lórí ìjókòó ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ìwádìí ọdún 2018 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí fi hàn pé àwọn tó lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan lé ní mílíọ̀nù 14, láti ẹni ọdún 15 dé 64. Ẹkùn tiwa ni ó ga jù: nǹkan bí ènìyàn 22 nínú 100. Ọtí àti tábà kò sí nínú ìṣirò yẹn o.

Nígbà tí a wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, a kò tíì mọ odù dáadáa tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ti ń gba àlejò. Ẹni tó wá dá Ifá kì í ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún babaláwo. Yóò mú owó, yóò sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i, yóò sì gbé e sílẹ̀ níwájú Ifá. Àṣírí rẹ̀ bò, ojú kò tì í, ó sì lè jókòó gbọ́ ohun tí a óò wí. Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ gbọdọ̀ béèrè: kí ni o lò, báwo ló ti pọ̀ tó, ìgbà wo lo lò ó kẹ́yìn? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. A sin ọ̀dọ́kùnrin kan lọ sí ilé ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ. Olùtọ́jú tó gbà wá kígbe létí gbogbo èrò pé, “Àwọn amugbó ti dé.” Ọmọ náà dìde, ó jáde, kò padà wá mọ́. Ìyá rẹ̀ dúró níbẹ̀, ó mú káàdì tó ti sanwó rẹ̀ dání.

Bárakú kì í ṣe àìnítìjú, kì í sì í ṣe orí burúkú. Oògùn náà ti yí ọpọlọ padà débi pé ara ń béèrè rẹ̀ bí òùngbẹ ṣe ń béèrè omi. Nítorí náà, bí aláìsàn bá padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú, kí olùtọ́jú má ṣe kà á sí ọ̀tẹ̀. Ọmọ awo tó gbàgbé ẹsẹ Ifá, ọ̀gá rẹ̀ kì í lé e. Yóò tún un kà fún un ni.

Àwọn ohun kan wà tí àwa babaláwo náà gbọdọ̀ gbọ́ lẹ́nu wọn. Ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́, bí a bá já a gbà lẹ́nu rẹ̀ lójijì, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Àlòjù tramadol pàápàá máa ń fa gìrì. Kì í ṣe gbogbo gìrì ni iṣẹ́ ayé. Ẹni tó sì ti fi oṣù mélòó kan kúrò nídìí heroin, bí ó bá tún lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ kò lè gbà á mọ́. Èémí rẹ̀ lè dúró. Oògùn tí wọ́n ń pè ní naloxone lè dá èémí náà padà bí a bá tètè fún un. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì abúlé mọ̀ ọ́n lò bí ti ìlú ńlá. Ilé awo kì í ṣe ibi tí à ń já ọtí gbà lẹ́nu ènìyàn. Ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ.

Àjọṣe yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró, l’Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn àti ìbátan wọn ń gbé láàárín ará abúlé, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, dókítà náà sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Àìsàn ọpọlọ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, ṣùgbọ́n ẹni tí bárakú mú náà nílò ìbátan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kọ́ ló nílò. Àwọn kan ṣì ń de aláìsàn mọ́lẹ̀, nílé oníṣègùn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dọ̀ àwọn ààfáà. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yìí má ṣe dán an wò.

Ohun tí a ń béèrè ni pé, nígbàkígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ bá pe nọ́ọ̀sì sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀ràn yìí, kí wọ́n pe babaláwo méjì mọ́ ọn. Àwa yóò kọ́ nípa gìrì àti èémí. Àwọn yóò wo bí a ti ń gba àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ lọ nínú wa, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí a tó gbé oúnjẹ ọdún kalẹ̀.