Ọ̀tá Ti Lọ, Ogun Ò Tán: Maitokóńdíríà, Ìjà Ara àti Àìsàn Ọpọlọ

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo ń lọ: ohun tó dá àìsàn ọpọlọ sílẹ̀, àti ohun tí kò jẹ́ kó kúrò, wọn kì í sábàá jẹ́ nǹkan kan náà. Èkíní lè wọlé lọ́sẹ̀ yìí kó sì jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èkejì lè jókòó tì wá fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1982, ní ìlú San Jose ní California, wọ́n gbé ọkùnrin kan, ẹni ọdún 42, wá sílé ìwòsàn. Kò lè rìn, kò lè sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mira. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ló dàrú. Nígbà tí dókítà ọpọlọ kan, William Langston, yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó rí i pé àmì àìsàn Parkinson ló pé sí i lára, àìsàn tó jẹ́ pé àwọn àgbàlagbà ló sábàá máa ń ṣe, tó sì máa ń rọra wọlé ni. Ti ọkùnrin yìí dé lójijì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí àwọn mìíràn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, gbogbo wọn ló sì ti gún ara wọn lábẹ́rẹ́ oògùn olóró tí ẹnìkan pò ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó pò ó ṣe é kù díẹ̀ káàtó, ni kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní MPTP bá wọ inú rẹ̀. Wọ́n fún wọn ní levodopa, oògùn Parkinson, ara wọn sì tú. (Levodopa yìí wà nínú èso yèrèpè tó ń yún ni lára nínú oko. Ẹ má torí pé mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ sè é mu o. Kò sẹ́ni tó lè wọn èyí tó wà nínú ìkòkò.)

Kí ni MPTP ṣe? Ó wọ ọpọlọ, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ di májèlé. Májèlé náà kó sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dopamine, àwọn tó ń bá wa darí ìrìn àti ìgbọ́wọ́sókè, ó sì kọlu maitokóńdíríà wọn. Maitokóńdíríà ni àwọn ohun tíntìntín inú sẹ́ẹ̀lì tó ń lo afẹ́fẹ́ tí a mí sínú àti oúnjẹ tí a jẹ láti fi ṣe agbára. Ọpọlọ kò ju bí ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń gba bí ìdá 20 nínú 100 afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ara ń lò. Ẹni tó bá fọwọ́ kan maitokóńdíríà, ọpọlọ ló máa kọ́kọ́ ké.

Ìpele àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ṣíṣe agbára yẹn ni MPTP dí. Ní 1989, Anthony Schapira àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London yẹ ọpọlọ àwọn aláìsàn Parkinson tí kò fọwọ́ kan MPTP rí wò, ìpele yẹn kan náà ni wọ́n sì bá tó ti rẹ̀yìn. Nígbà tó di 2000, àwọn onímọ̀ kan ní Atlanta fi rotenone, májèlé inú egbò àti ewé tí àwọn apẹja fi ń mú ẹja lódò, dá irú àìsàn yìí sára eku. Ní 2011 ni Caroline Tanner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi hàn láàárín àwọn oníṣẹ́ oko ní Amẹ́ríkà pé ẹni tó ti lo rotenone tàbí paraquat rí, ewu Parkinson tirẹ̀ tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti ẹni tí kò lò ó. Paraquat yìí ni oògùn apakoríko tí àgbẹ̀ wa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fọ́n láìbo imú. NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní 2024. Bóyá ó ti tán lọ́jà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sọ́jà ni kẹ́ ẹ sọ fún mi.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, à bá ní májèlé ló pa sẹ́ẹ̀lì, ó tán. Kò parí síbẹ̀.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ microglia. Sójà ọpọlọ ni mo máa ń pè wọ́n. Wọ́n ń yípo tọ̀sán tòru, wọ́n ń lé kòkòrò àrùn, wọ́n ń kó òkú sẹ́ẹ̀lì nílẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀tá wọ̀lú, wọn á dìde, wọn á tú kẹ́míkà sílẹ̀, wọn á sì pe àwọn mìíràn. Ìjà ara nìyẹn, òun náà ló ń mú ojú egbò pọ́n, tó ń mú un wú, tó ń mú un gbóná. Tinú ọpọlọ nìkan ni ojú kò lè rí. Ní 1988, Patrick McGeer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vancouver ti rí i pé àwọn sójà yìí gbárajọ síbi tí sẹ́ẹ̀lì dopamine ti ń kú. Àwọn kan ní wọ́n kàn wá palẹ̀ òkú mọ́ ni. Ní 1999, Langston tún sọ̀rọ̀. Mẹ́ta nínú àwọn tó lo MPTP ti kú, láti ọdún 3 títí dé 16 lẹ́yìn tí májèlé náà wọ ara wọn, wọ́n sì yẹ ọpọlọ wọn wò. MPTP kì í pẹ́ lára kó tó jáde. Ṣùgbọ́n àwọn sójà ò tíì padà sí bárékè. Wọ́n ṣì ṣùrù bo àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù, sẹ́ẹ̀lì sì ṣì ń kú.

Ta ni wọ́n wá ń bá jà?

Ìdáhùn tí mo fara mọ́ jù lọ wà nínú ìtàn ìran maitokóńdíríà fúnra rẹ̀. Ní 1967, Lynn Margulis kọ ọ́ pé baktéríà ni baba ńlá maitokóńdíríà, pé ó wọ inú sẹ́ẹ̀lì mìíràn láyé àtijọ́, ó sì di ará ilé. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lónìí gbogbo ìwé ló gbà á. Títí di báyìí maitokóńdíríà ní DNA tirẹ̀, jíìnì 37, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan la sì ti ń jogún rẹ̀. DNA yìí ṣì jọ ti baktéríà. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú ilé rẹ̀, àlàáfíà ni. Tí maitokóńdíríà bá fọ́, tí DNA náà sì jò sóde, àwọn tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì á gbá a mú, wọn á pariwo pé àlejò burúkú wọlé. Ará ilé ni wọ́n mú, wọ́n pè é ní olè.

Ara ní ọ̀nà tó ń gbà dènà èyí. Àwọn purotéènì méjì kan, PINK1 àti Parkin, ni wọ́n ń sàmì sí maitokóńdíríà tó ti gbó kí wọ́n tó kó o dànù. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé tí Parkinson ti ń mú ọ̀dọ́ wọn la ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ wọn: Parkin ní Japan ní 1998, PINK1 ní 2004. Ní 2018, àwọn tó ń bá Richard Youle ṣiṣẹ́ ní Bethesda lo eku tí kò ní Parkin, tí DNA maitokóńdíríà wọn sì ń bàjẹ́ kíákíá. Sẹ́ẹ̀lì dopamine wọn kú, ẹsẹ̀ wọn wúwo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ STING, purotéènì tó ń gbé igbe olè yẹn kiri, kúrò lára irú eku bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì wọn ò kú mọ́. Maitokóńdíríà ṣì ń bàjẹ́ o. Igbe ni kò sí. Mo mọ̀ pé eku kì í ṣe ènìyàn, àwọn mìíràn sì ti ta ko ìwádìí yìí, ṣùgbọ́n èmi kò lè fojú kékeré wò ó.

Ẹ má rò pé California àti Bethesda nìkan ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ pé MPTP ń ba ọpọlọ jẹ́ ni Benjamin Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, ti ń ti Ìbàdàn lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti yẹ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń jó wọn wò, àwọn tí ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tí etí wọn sì ń di. Ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1968. Ẹ̀gẹ́ ló nawọ́ sí: ẹni tó bá ń jẹ gàrí, fùfú àti láfún tí wọn kò rẹ dáadáa láràárọ̀ lálaalẹ́, tí ẹran àti ẹja kò sì sí nínú ọbẹ̀ rẹ̀, sáyánáídì á máa kó sí i lára díẹ̀díẹ̀. Maitokóńdíríà náà ni sáyánáídì ń kọlù, àmọ́ ìpele tó kẹ́yìn ni òun ń dí. Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán fítámínì wò fún wọn, ẹsẹ̀ ò padà bọ̀ sípò. Ní 2000, Olúwọlé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé ní Òsósà, ìlú Hubert Ògúnǹdé, bí ènìyàn 6 nínú 100 ló ṣì ní àìsàn náà. Olúwọlé fúnra rẹ̀ wá ń ṣiyèméjì bóyá ẹ̀gẹ́ ló fà á lóòótọ́. Àríyànjiyàn yẹn ṣì ń lọ, mi ò sì ní dá a láàárín yín lónìí. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀: yálà ẹ̀gẹ́ ni tàbí kì í ṣe ẹ̀gẹ́, kí ló dé tí ìpalára náà kì í padà sẹ́yìn? Ṣé àwọn sójà ni kò padà sí bárékè níbẹ̀ náà?

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ bi mí: ṣé kò sí oògùn tó lè lé àwọn sójà yìí padà ni? Wọ́n ti gbìyànjú. Minocycline, tó ń mú wọn rọlẹ̀, wọ́n fún àwọn tó ní àìsàn ALS, èyí tó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń darí iṣan. Ní 2007 wọ́n kéde pé àwọn tó lò ó ń burú sí i kíákíá ju àwọn tí kò lò ó. Naproxen àti celecoxib, oògùn ara ríro, wọ́n fún àwọn àgbàlagbà tó ju 2,500 lọ bóyá kò ní jẹ́ kí Alzheimer, àìsàn ìgbàgbé àwọn àgbà, mú wọn. Wọ́n dá a dúró ní oṣù kejìlá 2004, kò sì dènà nǹkan kan. Coenzyme Q10, tí wọ́n ń tà fún yín lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ maitokóńdíríà, 600 aláìsàn Parkinson ló kópa nínú ìwádìí lórí rẹ̀ tó jáde ní 2014. Owó lásán. Sójà tó ń ba nǹkan jẹ́ náà ló ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, ẹni tó bá lé gbogbo wọn lọ ti lé àwọn tó ń ṣe rere náà. Ní 2013 ni ẹ̀rí ìyẹn dé: ẹni tí jíìnì TREM2, èyí tí àwọn sójà fi ń ṣiṣẹ́, bá ní àléébù kan báyìí, ewu Alzheimer rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta.

A gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dìde àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n jókòó. A kò lè mọ̀ ọ́n láìwo ọpọlọ ènìyàn gan-an, bí Langston ṣe wò ó. Ní Ìbàdàn, Rufus Akínyẹmí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ibi ìpamọ́ ọpọlọ sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Mo mọ̀ pé a fẹ́ kí òkú wa lọ ní odidi, n kò sì wá bá yín jà lórí ìyẹn. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ọpọlọ tí a nílò jù. Ní 2001, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti Indianapolis fi hàn pé, lọ́dọọdún, ìdá 1.35 nínú 100 àwọn àgbà Yorùbá ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ó jẹ́ 3.24. Ọpọlọ àwọn àgbà tó pé 90 ọdún ní Ìdìkàn, nílùú Ìbàdàn, tí wọ́n ṣì ń ka orúkọ ọmọ-ọmọ wọn láìsí èyí tí wọ́n fò, ni mo fẹ́ wò. Sójà wà lórí tiwọn náà. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń dá wọn padà sí bárékè.