Fèrè Ọdẹ àti Etí Ajá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá ni òwe yìí dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta àti ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí ọdẹ ti ń kó ajá wọ igbó láti ayébáyé, ó yẹ kí á bi ọdẹ náà léèrè pé: irú fèrè wo ni ó fọn?

Ohùn ni ajá ń gbọ́, kì í ṣe àlàyé. Bí fèrè tí ọdẹ fi pè é lónìí bá jẹ́ èyí tí yóò fi dẹ ẹ́ sí ẹran lọ́la, ọkàn rẹ̀ yóò dàrú. Bí ó bá sì dé, tí ọdẹ nà án nítorí pé ó pẹ́, dídé gan-an ni yóò kà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ègé ẹran tí ó bá tẹ̀lé ìgbọràn lójú ẹsẹ̀ ni ó ń kọ́ ọ.

Ní ọdún 1978, níbi ìdíje Crufts ní Lọ́ńdọ̀n, wọ́n kọ́kọ́ fi eré ajá tí ń fo ìdènà han èrò. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, olówó ajá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ohùn àti ìṣesí ara rẹ̀ nìkan ni ó fi ń darí rẹ̀. Bákan náà ni ti ọdẹ nínú igbó.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń kọ́ ajá kọ́kọ́ kọ́ ẹnu àti ọwọ́ ara rẹ̀. Pàkúté kò mọ ajá yàtọ̀ sí ẹran.