Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Lórí Wáífáì, Kí A Tó Dá Owó

  

Ní ìpàdé tó kọjá, ẹnìkan nínú wa dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ dá owó ra wáífáì sí ìsọ̀ ìpàdé wa, nítorí pé álẹ́ẹ̀tì kì í tètè wọlé mọ́, àwọn oníbàárà sì ń gbé ọjà lọ kí owó tó dé. Ọ̀pọ̀ yín pàtẹ́wọ́. Àwa náà fẹ́ pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò gbé e, torí wáífáì kan wà ní yàrá iwájú ilé wa, níbi tí ìwé ẹgbẹ́ wà, a sì ti rí ohun tí ojú ń rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyálọ́jà ní kí a sọ ọ́ fún gbogbo yín kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ àpò.

Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, ìwé mẹ́fà ni a kà. Èyí tí a kò mọ̀, ọmọ-ọmọ wa tó wà ní yunifásítì BOUESTI níbí ló là á yé wa. Èyí tó kù, owó wa ló kọ́ wa.

Oṣù kejì ọdún 2024 ni a rà á. Ẹ rántí bí ojú wa ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí a ò rí owó gbà ní báńkì. Ìgbà náà ni tránsífà wọ ọjà wa, kò sì jáde mọ́. A wá rò ó pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dúró dáadáa nílé, ìwé owó ẹgbẹ́ á rọrùn, àwọn ọmọ á rí ẹ̀kọ́ wọn kà. Ọmọkùnrin tó tà á fún wa ka ara páálí rẹ̀ sí wa létí: 150 Mbps. Ó ní iná ni yóò máa sá. A sanwó ẹ̀rọ, a sanwó dátà oṣù kan, a gbé e sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa mọ̀ pé àpáta ló wà lẹ́yìnkùlé. Ní agogo márùn-ún ìdájí, ọmọ náà fi fóònù wọn ìyára rẹ̀ lórí fast.com, ó rí 14. Nígbà tó di agogo mẹ́jọ alẹ́, tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ti padà sílé tí kálukú ti gbé fóònù, kò pé 1. Ọmọ wa tó wà ní London pè wá lórí fídíò, ojú rẹ̀ dúró gbagidi bí àwòrán ara ògiri, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Àwa ń pariwo "Ṣé ò ń gbọ́? Ṣé ò ń gbọ́?" títí ó fi rẹ̀ wá.

Níbo wá ni 150 wà? Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe yé wa. 150 yẹn, agbára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ohun tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò gbé fún un. Ẹ wo iwájú dírẹ́bà nínú mọ́tò, wọ́n kọ 180 síbẹ̀. Ta ló ń sá 180 lọ sí Èmùré? Òpó kan náà ni gbogbo àdúgbò ń fà mu, bí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tí ogójì korobá tò sí. Àpáta tún dúró láàárín. Ìwé ilé-iṣẹ́ náà sì kọ ọ́ pé "títí dé". Ẹ ṣọ́ "títí dé" yẹn o, òdo náà wà nínú rẹ̀.

Ìwọ̀n tún wà ńbẹ̀, èyí sì ni yóò yé ọlọ́jà jù. Ìyára, b kékeré ni wọ́n fi ń kọ ọ́, Mb. Dátà tí à ń rà, B ńlá ni, MB. Kékeré mẹ́jọ ló wà nínú ńlá kan. Agolo mílíìkì àti kóńgò ni, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí wọ́n bá ta 8 Mbps fún ọ, tí ó sì pé ní tòótọ́, fídíò 60 MB yóò gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé kó tó ṣẹ́jú ó ti parí. Bí a bá ń wọn ìrẹsì báyìí fún oníbàárà, ṣé wọn ò ní fà wá lọ sí ààfin?

Ẹ má sì da dátà pọ̀ mọ́ ìyára. Dátà ni epo inú kẹ́ẹ̀gì, ìyára ni ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Epo lè kún dẹ́nu kí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín. Èyí tí a rà, "kò lópin" ni wọ́n pè é. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń wọ́ bí ìgbín. Àṣé lẹ́tà wínníwínní kan wà nísàlẹ̀ ìwé pé tí a bá ti lò ó dé ìwọ̀n kan, wọn yóò dín ẹnu kẹ́ẹ̀gì kù. Kò lópin lóòótọ́, kíkán ló ń kán.

Lẹ́yìn èyí ni ti Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024. Gbogbo rẹ̀ kú pátápátá. A lu ẹ̀rọ náà, a pa á, a tan án, a ní wọ́n ti ta ayédèrú fún wa. Kò mọ̀ wá rárá. Wáyà abẹ́ òkun ló gé nítòsí Abidjan ní Ivory Coast, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kan àwọn báńkì Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ láti Ìkẹ́rẹ́ sí London, ìsàlẹ̀ òkun ló ń gbà.

A pe 300, nọ́ńbà tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fóònù ń lò fún oníbàárà. A gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, a kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé nọ́ńbà yẹn o, òun ni ẹ̀rí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá láìsí ìdáhùn, a pe 622, ti NCC, ìjọba tó ń ṣọ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ náà pè wá padà lọ́jọ́ kejì, ohùn wọn ti rọ̀. Wọn kò dá owó padà, ṣùgbọ́n wọ́n fún wa ní dátà díẹ̀, wọ́n sì ní kí a gbé ẹ̀rọ kúrò lẹ́yìn fíríìjì, kí a gbé e sókè lójú fèrèsé tí kò kọjú sí àpáta. Alẹ́ ọjọ́ náà ó di 4. Ohun tí ọmọ tó tà á ìbá ti sọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Ẹ wá gbọ́ ti álẹ́ẹ̀tì tó kó wa jọ. Álẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé bí àtẹ̀jíṣẹ́, kò gba orí dátà rárá. POS náà, síímù inú rẹ̀ ló ń lò. Owó tó kúrò ní báńkì kan bọ́ sí òmíràn, ọ̀dọ̀ NIBSS ló ń gbà kọjá. A dán an wò: wáífáì ń ṣe dáadáa lọ́sàn-án, a fi N100 ránṣẹ́ láti báńkì kan sí èkejì, ogójì ìṣẹ́jú ni kó tó dé. Wáífáì tó yára jù láyé kò lè ti ìyẹn. Ohun tó dára ni kí a máa ṣí àpù báńkì wò ó fúnra wa, kí a rí owó nínú àkántì kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Dátà táṣẹ́rẹ́ nìyẹn ń jẹ, fóònù ọwọ́ wa tó o.

Owó dátà náà kò sì dúró. Ní oṣù kínní ọdún 2025, NCC gbà wọ́n láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé e.

Ohun tí àwa olóyè rò ni pé kí ẹgbẹ́ má tíì dá owó ẹ̀rọ. Kí a ra síímù ilé-iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra fún POS ẹgbẹ́, kí ọ̀kan ran èkejì lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará Ìsẹ̀ àti Èmùré, èyí tó mú lọ́dọ̀ wa lè má mú lọ́dọ̀ yín. Ẹ yá fóònù aládùúgbò, ẹ jókòó síbi tí ẹ fẹ́ gbé e sí ní agogo mẹ́jọ alẹ́, ní alẹ́ mẹ́ta, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n náà ń jẹ dátà o, ẹ má wọ̀n ọ́n tán.

Wáífáì ilé wa ṣì wà lójú fèrèsé. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù rẹ̀ dán an wò kó wá ní ọ̀sán. Tó bá di alẹ́, àwọn ọmọ ń fi kàwé.