OÚNJẸ ẸYẸ ÌGBORO



Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Islam, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé ẹyẹ a máa jáde láàárọ̀ pẹ̀lú ebi, a sì padà nírọ̀lẹ́ ní àyó.

Kí ni ẹyẹ ń rí jẹ ní ìgboro wa? Ológoṣẹ́ ń ṣa ìrẹsì àti àgbàdo tó dà sílẹ̀ lọ́jà Ojúwòyè ní Mushin. Lékeléke ń jẹ tata lẹ́yìn màlúù, ó tún ń ṣọdẹ eṣinṣin lórí ààtàn. Àwòdì tó ń rá bàbà lókè Surulere àti Yaba, eku ló ń wá. Ọlọ́hun ló ń pèsè, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba ọwọ́ wa kọjá.

Nítorí náà, eku tí ẹ bá fi májèlé pa, ẹ má jù ú sórí ààtàn. Ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹyẹ tó bá jẹ ẹ́, ó ti jẹ májèlé. Igún ńkọ́? Láti ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ ti kà á mọ́ ẹyẹ tó fẹ́ parẹ́ láyé. Májèlé wà lára ohun tó ń pa á.

Ìrẹsì ìṣínu tó bá ṣẹ́kù, ẹ kọ́kọ́ fún aládùúgbò. Hóró tó bá kù nínú àwo, ẹ dà á síbi tó mọ́ fún ẹyẹ, ẹ má dì í sínú ọ̀rá jù sí gọ́tà. Ẹni tó gbin igi, tí ẹyẹ jẹ nínú èso rẹ̀, sàráà ni fún un.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa. Àmín.