Òkùnkùn Tí Ojú Fi Ń Ríran



Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Ìràwọ̀ mélòó lẹ kà lálẹ́ àná? Ẹni tó bá dúró lábẹ́ afárá Òṣòdì ní Èkó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tó sì ka mẹ́wàá, ojú rẹ̀ mú. Iná ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní 2019, iná pápákọ̀ òfuurufú, iná ṣọ́ọ̀bù láti Máfolúkù dé Ọ̀kọ́tà, gbogbo wọn ń ta sókè. Eruku àti èéfín jẹnẹrétọ̀ gba ìmọ́lẹ̀ wọn, wọ́n fọ́n ọn ká, sánmà sì ṣá bí aṣọ àlòkù. Òkè-Àfà pàápàá tó ń jẹ́ òkè láàárín wa kò bọ́ nínú rẹ̀.

N kò bá iná jà. Òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, iná sì ni obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ fi ń mọ ibi tó ń fẹsẹ̀ lé. Àmọ́ iná tó kọjú sí ọ̀run kò mọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni; owó la ń sun.

Wíwo ìràwọ̀ kì í ṣe àjòjì sí wa. Àwọn baba wa tó ń pe Àgùàlà ní ajá òṣùpá, ojú wọn ni wọ́n fi rí i pé àwọn méjèèjì jọ ń rìn. Ní 1965, ọmọ Nàìjíríà kan, Samuel Okoye, wà pẹ̀lú onímọ̀ ìràwọ̀ Antony Hewish ní Cambridge nígbà tí wọ́n rí ohun kékeré kan tó ń rán ìgbì rédíò jáde láàárín àjẹkù ìràwọ̀ tó bú gbàmù.

Ohun tí òkè ń fi hàn

Mo ti gun òkè Adó-Àwáyé, tí kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn, níbi tí adágún Ìyákẹ́ wà lórí àpáta. Àsìkò wíwo ìràwọ̀ níbẹ̀ ni oṣù kọkànlá: òjò ti lọ, ọyẹ́ kò tíì gbé eruku dé. A yan alẹ́ tí òṣùpá kò yọ, a mú afinimọ̀nà ará ìlú dání, a kọjú sí àríwá, a sì gbójú sókè ju ìdajì ọ̀run lọ.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ bí èémí lára dígí. Onímọ̀ ìràwọ̀ Al-Sufi kọ nípa rẹ̀ ní Páṣíà ní 964. Ó pè é ní kùrukùru kékeré. Ní 1923, lórí òkè Wilson ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ ìràwọ̀ Edwin Hubble rí ìràwọ̀ kan nínú rẹ̀ tó fi wọn bó ṣe jìnnà tó. Kì í ṣe kùrukùru rárá. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mìíràn ni, Andromeda, tó wà lẹ́yìn odi tiwa. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń dé ọ̀dọ̀ wa ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ti Andromeda ti rìn fún nǹkan bí 2,500,000 ọdún.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn gan-an kò ní rí i dáadáa. Àárín ojú la fi ń kàwé; ẹ̀gbẹ́ ojú ló mọ òkùnkùn lò. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la ń wò, a sì ń fún ojú ní ìdajì wákàtí kó fi mọ́ òkùnkùn lára. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹnìkan bá tan fóònù, ìdajì wákàtí yẹn ṣòfò, àfi ká tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbòrí sórí iná ìta kó lè kọjú sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì máa kó ọmọ lọ sórí òkè ní alẹ́ kan lọ́dọọdún, pẹ̀lú awò olójú méjì kan péré.

Nítorí pé lálẹ́ òní, ìmọ́lẹ̀ Andromeda yẹn yóò dé orí Òṣòdì náà. Ó ti rìn láti ìgbà tí ènìyàn bí tiwa kò tíì sí láyé. Iná ara ògiri wa ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kó wọ ojú ọmọ. Ẹ jẹ́ ká yà fún un, kó lè délé.