Ìbéèrè Kò Ba Ìgbàgbọ́ Jẹ́



Ìyá kan nínú àsàlátù wa ló fa ọ̀rọ̀ òní. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nítorí jẹjẹrẹ ọyàn, dókítà sì ní kó máa lo tamoxifen. Ọkọ rẹ̀ ló ń dá dókítà lóhùn, òun kàn jókòó ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lóru, ó bá pa oògùn tì. Ó ní, "Ṣebí wọ́n ti gé kókó náà kúrò, kí ni mo tún ń lo oògùn sí?" A ò lè bá a wí. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Jẹjẹrẹ ọyàn ò rí bákan náà lára gbogbo obìnrin. Irú kan wà tó jẹ́ pé họ́mónù obìnrin tó wà nínú ara ló ń bọ́ ọ. Àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé lára kókó náà ló ń fi í hàn. Bí kì í bá ṣe irú yìí, oògùn náà kò wúlò fún un. Bó bá jẹ́ òun ni, tamoxifen kì í jẹ́ kí họ́mónù ráyè bọ́ jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ abẹ mú èyí tí ojú rí kúrò, oògùn ń ṣọ́ èyí tí ojú ò rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó fún ọdún 5, àwọn mìíràn títí dé ọdún 10.

Ó ní wàhálà tirẹ̀ náà. Ooru lè máa múni, nǹkan oṣù lè máa ṣe ségesège. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ sì lè mú ilé ọmọ. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, bí èémí bá ń há, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ń wá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, ẹ tètè lọ sí ọsibítù. Ẹni tó ń lò ó kò sì gbọdọ̀ lóyún.

Nítorí náà, ẹ béèrè: Ṣé họ́mónù ló ń bọ́ tèmi? Àǹfààní wo ni n ó rí? Ọdún mélòó? Eló lóṣù kan? Ṣé oògùn mìíràn tàbí àgbo tí mò ń lò kò ní bà á jẹ́? Bí mo bá ṣì fẹ́ bímọ ńkọ́?

Súrà Nahl pàṣẹ pé ká bi àwọn tó mọ̀ léèrè. Ìbéèrè kì í ṣe àìgbà fún Ọlọ́hun. Ní ti ààwẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń lo tamoxifen, ó ṣeé lò nígbà sààrì tàbí lẹ́yìn ìṣínu. Ẹni tí ara rẹ̀ ò gbé ààwẹ̀, Súrà Bákárà ti fún aláìsàn láyè kó san án padà lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin ọkọ, àmánà ni ìyàwó yín. Ẹ bá a lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́, kó sì fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ara rẹ̀ ni.

A sin ìyá yẹn padà lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí ooru náà. Ó ti padà sórí oògùn rẹ̀, tòun ti òye.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn ní àlàáfíà. Àmín. Wasalamu alaykum.